Orúkọ Tí A Kò Kọ Sára Àpótí Dùùrù

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kẹwàá, 1998

Eku ti jẹ inú dùùrù àtijọ́ ìjọ wa tán. Nígbà tí Ìtùnú tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí fún orin ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó jáde dà bí ikọ́ arúgbó, ọmọ eku méjì sì bọ́ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn ìsìn, ìjọ pinnu pé a ó ra kíbọ́ọ̀dù tó ṣeé gbé kiri, torí pé ní 13 oṣù Kejìlá ni a ó ya ilé ìsìn kékeré àwọn ará wa ní Mamini sí mímọ́, a kò sì lè máa fi àtẹ́wọ́ lásán ya ilé Ọlọ́run sí mímọ́. Díákónì Àmọ̀sù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ló fi sọ ọ́.

Wọ́n yan ẹni mẹ́ta. Àmọ̀sù, nítorí pé kò sí ìgbìmọ̀ tí a lè yàn kí ó má sí níbẹ̀. Ìtùnú, nítorí pé òun ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Èmi ni alága, "nítorí pé Tíṣà ti tẹ dùùrù ní Kumasi láyé òyìnbó."

N kò tẹ dùùrù rí. Ojú ìwé orin ni mo máa ń ṣí fún òyìnbó tó ń tẹ̀ ẹ́. Láti 1969 tí wọ́n ti lé wa kúrò ní Ghana tí a sì dé Bouaké, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo tẹ̀ ẹ́. N kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni pé n kò tẹ̀ ẹ́ ni. Mo dìde, mo tẹríba, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹwàá

Òjò látàárọ̀. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù ará Lẹ́bánónì tó ń ta ohun èlò orin. Kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Eyín èyí tó tóbi jù, dúdú àti funfun, jẹ́ méjìdínláàádọ́rùn-ún, ó sì wúwo tó kílò méjìlélógún. Àmọ̀sù kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù.

"Èyí ni," ó ní. "Ohun tí wọ́n máa rí kí wọ́n tó gbọ́."

Ìtùnú ní, "Díákónì, ta ni yóò máa gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ bàṣé?"

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́."

"Ọ̀dọ́ wo, sà? Èmi àti ta?"

Ó bi mí pé kí ni mo rò. Mo ní ọ̀rọ̀ náà gba àgbéyẹ̀wò. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe tíṣà; bí n kò bá mọ nǹkan kan, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹwàá

Ìtùnú gbọ́n ju èmi àti Àmọ̀sù lọ. Ó ra àpò ìrẹsì kílò márùndínlọ́gbọ̀n fún ìyá rẹ̀, ó gbé e gba ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, ó sì bẹ Díákónì pé kí ó bá òun gbé e dé ojú títì. Kò sí ẹni tó lè kọ̀ fún ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀. Àmọ̀sù gbé e dé ìdí igi máńgòrò, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tú táì ọrùn rẹ̀.

"Ìrẹsì kì í ṣe dùùrù," ló wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà.

"Òótọ́ ni, sà. Ìrẹsì fi kílò mẹ́ta jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí n bu mẹ́ta kúrò, kí a tún un gbé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹwàá

A ti yan ọ̀kan. Eyín mọ́kànlélọ́gọ́ta, kílò méje. Ó ń lo bátìrì ńlá mẹ́fà bí kò bá sí iná, iná kò sì tíì dé ìhà ibi tí ilé ìsìn Mamini wà. Bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́, yóò rọra dún. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, yóò ké. Ìtùnú tẹ orin kan, ará Lẹ́bánónì sì yí rédíò rẹ̀ wálẹ̀.

Owó ńlá ni: 240.000 sẹ́fà. Kí wọ́n tó gé owó sí méjì lọ́dún 1994, ìdajì rẹ̀ ni.

Ìtùnú bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ gbọ́ bóyá ó bá ti Kumasi mu." Mo ní òtútù òjò ti mú ìka mi. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ọwọ́ mi láti mú un gbóná. Ìka mi kò tutù rárá, ó sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ tún káàtì ìgbé-ìlú mi ṣe. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn tábìlì, èmi ni mo kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò gbọ́ ọ nígbà náà, n kò sì rò pé ó gbọ́ ọ báyìí. Ó wo fọ́tò mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ̀yin Anango yìí, ẹ kì í tán." Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níhìn-ín. Kò fi ìkanra sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò ni.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti dé Broukro, àdúgbò wa, kí n tó rí i pé ẹ̀rín náà ṣì wà ní ẹnu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n já ẹrù méjì lára ti àwọn obìnrin wa sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró ní àbájáde ìlú. Orúkọ orí rìsíìtì ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Nínú ọjà, gbogbo ènìyàn ló ń gba ara wọn nímọ̀ràn pé ẹni tó bá gbọ́n, kí ó máa fi orúkọ ọmọ onílẹ̀ ra nǹkan. Rédíò náà kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ ju ta ni ọmọ ìlú àti ta ni kì í ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kọkànlá

A ra á. Ará Lẹ́bánónì mú ìwé rìsíìtì, ó ní, "Orúkọ?" Àmọ̀sù wà lọ́nà ọ̀hún, ó ń ṣàlàyé ìtàn ìjọ wa fún ẹni tó wá ra okùn gìtá. Ìtùnú ń yẹ bátìrì wò. Ẹnu mi ni mo gbọ́ tó ní, "Kouadio. Kouadio Olivier," orúkọ ọmọ onílẹ̀ pátápátá.

Ará Lẹ́bánónì wò mí, ó kọ ọ́, kò bi mí léèrè kankan. Ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń gbé ìlú yìí. Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo kì í sínú ìwé orin mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n rò pé ríra kíbọ́ọ̀dù ni iṣẹ́. Ohun tí a ó fi gbé e gan-an ni iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé, irin méjì tó gba orí ara wọn kọjá tó ṣeé ká: Ìtùnú ká a, ó tẹ́ ẹ, ó ká a nígbà mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀bù kí ó tó gbà. Ohun tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rèé, kí ohùn lè pẹ́ nílẹ̀. Àpò tí wọ́n ń tà fún un fẹ́lẹ́ bí aṣọ òjò, 35.000, mo sì kọ̀. Káfíńtà kan ní Sokoura fi 18.000 kan àpótí pákó fún wa, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, ó fi awọ méjì sí i fún ìgbékọ́ èjìká. Àmọ̀sù fẹ́ kí ó ní táyà. Ìtùnú ní kí Díákónì wá wo ẹrẹ̀ ọ̀nà Mamini kí ó tó sọ̀rọ̀ táyà.

Kíbọ́ọ̀dù wọ inú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo yọ̀ bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kọkànlá

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn yí àpótí ká. Màmá Sẹ̀gilọlá, olórí àwọn obìnrin akọrin, tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, ní, "Tíṣà, ó kù kí ẹ kọ orúkọ sí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ló dára jù."

ÌJỌ ONÍTẸ̀BỌMI TI YORÙBÁ, BOUAKÉ. Kò sí bẹ́ńṣì tí a ní tí kò gbé e lára. Ìkòkò ọbẹ̀ gbé e, ọwọ́ ìgbálẹ̀ gbé e. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, tí ọlọ́pàá lè kà láti ọ̀kánkán.

Mo ní ọ̀dà kò dára fún ẹ̀rọ. Mo ní òórùn rẹ̀ máa ń gba inú pákó wọlé lọ jẹ àwọn wáyà kéékèèké tó wà nínú rẹ̀. Mo ní mo rí i bẹ́ẹ̀ ní Kumasi.

Àmọ̀sù yíjú sí ìjọ. "Sáyẹ́ǹsì ni," ó ní. Wọ́n sì gbà, nítorí pé Tíṣà ló sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kọkànlá

Ọmọ tó bá parọ́ ní kíláàsì mi, mo máa ń jẹ́ kí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí aago yóò fi lù. Mo jókòó síhìn-ín, mò ń jẹ iṣu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kọkànlá

Mo yí àpótí padà, mo rí ẹsẹ̀ ẹyẹ kan tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù yà sí ìdí rẹ̀. Màmá Sẹ̀gilọlá ni. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìdì aṣọ tó ti gbé wọ mọ́tò láti ọjọ́ tó ti ń ṣòwò ló ní in. Àwọn aláàárù kò mọ orúkọ rẹ̀, Kònósèn ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni ẹsẹ̀ ẹyẹ ní èdè Jùlá.

Mo ní, "Màmá, dùùrù nìyí. Kì í ṣe ìdì àǹkárá."

"Ṣé kò ní wọ mọ́tò ni?"

"Yóò wọ̀ ọ́."

"Ẹrù ni, nígbà náà." Ó tún ní, "Ẹ má bínú nípa ti òórùn. Mo mú kíbọ́ọ̀dù kúrò nínú rẹ̀ kí n tó yà á, mo sì sá àpótí náà sóòrùn fún ọjọ́ méjì."

N kò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ojú mi sí. Nígbà tó lọ, mo fi ẹsẹ̀ ẹyẹ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún Àmọ̀sù, pé kí ó wo ohun tí àìmọ̀wé ń fà.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ dé. Ètè ti ń là. Ìtùnú ń fi aṣọ tútù nu eruku lára eyín kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti kọ́ orin mẹ́rin fún Mamini.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kejìlá

Ó ti ṣẹlẹ̀.

Bàṣé Alhaji Lùkmọ́nù la wọ̀. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, òun ló ni gáréèjì tí ẹrù ń gbà lọ sí Mamini. Obìnrin akọrin mẹ́jọ wà lẹ́yìn, èmi àti Àmọ̀sù níwájú. Ní kọ́rídọ̀, sájẹ́ńtì kan ní kí a sọ àpótí kalẹ̀.

"Kí ni èyí?"

"Dùùrù àwọn akọrin."

"Ìwé rẹ̀?"

Mo fún un ní rìsíìtì. Ó kà á. Ó ní kí n mú káàtì mi wá. Ó kà á náà. Kò pariwo, kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, n bá rí nǹkan kọ síhìn-ín nípa rẹ̀. Ó ní, "Papa, káàtì ní Ọlábọ̀dé, rìsíìtì ní Kouadio. Kí Kouadio wá mú nǹkan rẹ̀."

Àmọ̀sù bọ́ sílẹ̀, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé kí sájẹ́ńtì ní orúkọ gbogbo ìjọ. Sájẹ́ńtì ní kí ó padà wọ ọkọ̀.

Màmá Sẹ̀gilọlá, tí Faransé rẹ̀ kò pọ̀, nawọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. "Tíṣà, kí ló wí?"

"Ìwé ni, Màmá. Ó ní ìwé kò pé."

Ó gbà mí gbọ́. A fi dùùrù sílẹ̀, a sì ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kejìlá

Mamini. Wọ́n ti tẹ́ tábìlì kan fún un lápá ọ̀tún pẹpẹ. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó, wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé ojú ìlà rẹ̀ lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò gbọ́ ẹjọ́ náà dáadáa ń bi mí pé, "Ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn?" Lẹ́ẹ̀mẹta ló bi mí.

Wọ́n fi àtẹ́wọ́ kọrin. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ìtùnú dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì òfìfo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra bí ẹni tó ń tọ́jú wọn fún ẹlòmíràn.

N kò lè jẹ ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n pa.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kejìlá

Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé kọ́rídọ̀ láti lọ sọ òótọ́. Mo dúró ní òdìkejì ọ̀nà, lọ́dọ̀ obìnrin tó ń din dòdò. Mo ra àwo kan, mo jẹ ẹ́ tán, mo wo sájẹ́ńtì títí, mo padà sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kejìlá

Ní aago mẹ́jọ, Màmá Sẹ̀gilọlá wà lẹ́nu ọ̀nà mi. "Ẹ wọ bàtà," ó ní. Lùkmọ́nù wà nínú takisí pẹ̀lú ìwé ńlá kan lórí itan rẹ̀. Àmọ̀sù ti jókòó síwájú.

Ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ wà ní kọ́rídọ̀ lónìí. Màmá fi Jùlá kí i, ó bi í léèrè àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n bá òun da ojú àpótí yẹn dé. Aláàárù kan tó jókòó síbẹ̀ rí ẹsẹ̀ ẹyẹ, ó ní, "Á à, ti Kònósèn ni," ó sì tún sùn padà.

Lùkmọ́nù ṣí ìwé ìkẹ́rù rẹ̀. N kò rí inú rẹ̀ rí. Láti 1979 ni. Nínú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, àmì ni: ẹja ti ẹnì kan, àkàbà ti ẹlòmíràn, kọ́kọ́rọ́, oṣù. Ẹsẹ̀ ẹyẹ wà ní ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, wọ́n sì kọ orúkọ Màmá àti nọ́ńbà káàtì rẹ̀ sí iwájú ìwé. Ní ìlà ọjọ́ Àbámẹ́ta, akọ̀wé gáréèjì ti ya ẹsẹ̀ ẹyẹ, ó sì kọ síwájú rẹ̀: àpótí dùùrù, ọ̀kan.

Ọ̀gá náà fi ìka tọ àwọn ìlà wálẹ̀. "Ó dára," ó ní. Ó mú rìsíìtì tí sájẹ́ńtì ti gbà lọ́wọ́ mi jáde. "Ta wá ni Kouadio?"

Wọ́n wò mí. Lùkmọ́nù, onínúure ènìyàn, tún ń ṣí ìwé rẹ̀ wò bóyá Kouadio wà níbẹ̀.

Mo ní, "Kò sí. Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ọ̀nà ló bà mí."

"Ẹ̀rù ta?"

Ọ̀gá náà na rìsíìtì náà sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi méjì ló ń jẹ́ Kouadio. Kò sí èyí tó mọ orin kọ nínú wọn." Ó fún mi ní bírò, ó ní kí n fagi lé orúkọ náà, kí n kọ orúkọ ara mi, kí n fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára jù wá rí wọ́gọwọ̀gọ bí ti ọmọ kíláàsì kìíní.

Wọn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ká ní wọ́n gbà ni, ara ìbá rọ̀ mí.

Màmá kọjú sí fèrèsé nínú takisí. Jùlá ni èmi àti ọ̀gá náà fi sọ gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí kò gbọ́. Nígbà tí a dé Broukro, ó ní, "Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n mi rèé ní ìlú yìí, Tíṣà. Ṣé ẹ rò pé bí a ò bá kọ ọ́, wọn ò ní mọ̀ wá?"

Mo tún rìsíìtì náà ká sí mẹ́rin.

"Ọ̀dà ńkọ́? Ṣé ó máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́?"

"Rárá, Màmá."

"Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi sá a sóòrùn," ó ní, ó sì bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kejìlá

Mo sọ ọ́ níwájú ìjọ. Kouadio, ọ̀dà, àti Kumasi náà, nítorí pé bí mo ṣe dìde báyìí, n kò mọ ìgbà tí mo tún lè dìde. Nígbà tí mo dé ibi ṣíṣí ojú ìwé, àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín.

Àmọ̀sù dìde láti gbà mí sílẹ̀. Ó ní alága lo ọgbọ́n àwọn àgbà láti fi dáàbò bo ohun ìní ìjọ ní àkókò tí ìlú gbóná.

Màmá Sẹ̀gilọlá ní, "Irọ́ ló pa, Díákónì. Ẹ jókòó."

Lẹ́yìn ìsìn, Ìtùnú gbé ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì fún mi. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi kọ ọ́. Mo fi gbogbo àmì ohùn sí i, kò sí èyí tí mo fò. Kò sí ẹni tó wá wò mí, mo sì mọ̀ pé Màmá ló lé wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kejìlá

A padà sí Mamini ní ìdájí òní. Sájẹ́ńtì ọjọ́sí ló wà ní kọ́rídọ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sára àpótí, ó sì ń ka orúkọ náà sókè díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà, títí dé Bouaké. Ó kà á dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó dá ojú mi mọ̀. "Papa, Kouadio ńkọ́?"

"Ó ti kú," mo ní.

Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí. "Yàkó," ó ní, bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀ ní ìlú yìí, ó sì ní kí a máa lọ. Ẹ̀rín Màmá Sẹ̀gilọlá ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ dé ibi afárá.

Tábìlì náà ṣì wà níbẹ̀, aṣọ funfun náà ṣì wà lórí rẹ̀. Wọn kò ká a láti ọ̀sẹ̀ méjì. A gbé kíbọ́ọ̀dù lé e, nítorí pé ojú tì wá láti sọ fún wọn pé ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ìtùnú jókòó, ó wo ẹ̀yìn, ó fi orí pè mí.

Mo lọ dúró lápá òsì rẹ̀. Ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Nígbà tó mi orí, mo ṣí ojú ìwé.